Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń dán wọn wò

Ẹ̀yin olùkọ́ awakọ̀ níbi gbogbo, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò pẹ̀lú bébà àti bírò lọ́wọ́, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà.

Alùpùpù ni mo ń gùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lọ́kàn, ọlọ́pàá tàbí àwọn aṣòfin ni wọ́n máa ń kọ ìwé sí. Ẹ̀yin ni èmi kọ ọ́ sí, nítorí pé ẹ̀yin lẹ ń bá awakọ̀ pàdé kí ìwà tó mọ́ ọn lára. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọ láti máa fi orí àti ojú ṣe ní oríta láàárín oṣù àkọ́kọ́, òun ni yóò máa ṣe títí tí yóò fi dàgbà, kò sì ní ronú sí i mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ń kọ́ wọn ta ló lọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ kì í sábà kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe rí ẹni tó lọ̀nà náà. Kò sí awakọ̀ tó gba ìwé àṣẹ tí kò mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ yà kọjá ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ níwájú, òun gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n kọjá ná. Wọ́n mọ̀ ọ́n dájú. Wọ́n kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n sì gba máàkì lórí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n yìí gan-an ló ń yà lù wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí láti orí alùpùpù. Mò ń lọ tààrà, iná iwájú mi ń tàn, eré mi ò pọ̀. Ọkọ̀ kan dúró láàárín títì níwájú, ó ti tan tráfíkétọ̀, ó ń dúró de àyè láti yà. Mo rí orí awakọ̀ náà tó kọjú sí ọ̀dọ̀ mi. Mo lè búra pé ojú wa ṣe mẹ́rin. Ọkàn mi sọ pé ó ti rí mi. Àfi bí táyà iwájú ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Táyà yẹn ni mo ti kọ́ láti máa wò, torí pé ó máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú imú ọkọ̀. Mo fa bíréèkì, mo wá ibi tí mo lè yà sí, ọkọ̀ náà sì kọjá níwájú mi bíi pé kò sẹ́nì kankan lójú títì. Awakọ̀ náà kì í ṣe ọ̀dájú. Nígbà tó rí mi níkẹyìn, ìyàlẹ́nu ojú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

Lọ́dún 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù ní agbègbè Los Angeles. Nǹkan bíi 900 ìjàǹbá ni wọ́n lọ yẹ̀ wò ní ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn èyí tí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ti kọlu ara wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé awakọ̀ ọkọ̀ kejì ló gba ọ̀nà mọ́ ẹni orí alùpùpù lọ́wọ́. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn ni pé alùpùpù ń lọ tààrà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì wá yà kọjá níwájú rẹ̀. Láti ìgbà tí ewu bá ti yọjú títí di ìgbà ìkọlù, àyè tí ẹni orí alùpùpù sábà máa ń ní láti gba ara rẹ̀ là kò pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ kà á lẹ́nu ná, ẹ ó rí i bó ṣe kéré tó.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní MAIDS tú ìjàǹbá 921 wò ní Faransé, Jámánì, Ítálì, Spéènì àti Netherlands. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó ṣẹlẹ̀ ní oríta. Ohun tó sì jẹ́ òkùnfà àkọ́kọ́ nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìjàǹbá náà ni pé awakọ̀ ọkọ̀ kejì kò rí alùpùpù. Àìmọ̀ òfin kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àìrí ni.

Nítorí náà, bí awakọ̀ bá sọ pé, “Mi ò rí i,” ẹ má ṣe rò pé àwáwí ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló ń sọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ yín wà, torí àìrí yìí ní ìdí, àwọn ìdí náà sì ṣeé kọ́ni.

Ojú wa kì í rọra rìn bó bá ń wo láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ńṣe ló máa ń fò, kó balẹ̀ síbì kan, kó tún fò. Nígbà tó bá wà lẹ́nu fífò, ọpọlọ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwòrán, kí ayé má baà máa yí lójú ẹni, á sì fi ohun tó rí ṣáájú àti ohun tó rí lẹ́yìn dí àlàfo náà. Awakọ̀ tó bá yí orí wìì sí òsì, wìì sí ọ̀tún, lè fo alùpùpù kọjá pátápátá. Kò ní mọ̀ pé òun fo nǹkan kan. Títì tó mọ́ tónítóní ni yóò rí, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òpó irin tó wà láàárín gíláàsì iwájú àti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, òpó náà nípọn ju ti àtijọ́ lọ, kí òrùlé má baà rún mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ohun rere ni, àmọ́ ó lè bo alùpùpù àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ oríta láti ẹ̀gbẹ́ kan, tí alùpùpù náà sì ń sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ kejì, eré wọn lè bá ara mu débi pé alùpùpù kò ní kúrò lẹ́yìn òpó náà títí wọn yóò fi pàdé. Ẹni tó bá jókòó gan-an bí igi ní àga awakọ̀ kò lè rí i, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó.

Ìdí mìíràn ni pé alùpùpù kéré. Ọpọlọ máa ń ka ohun kékeré sí ohun tó ṣì jìnnà, tí kò ní tètè dé. Ọkọ̀ ní iná méjì níwájú, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ wa, àlàfo àárín iná méjèèjì ń fẹ̀ sí i, ìyẹn ni ojú fi ń wọn eré rẹ̀. Iná kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ní. Lóru, iná kan yẹn lè dúró lójú kan náà bíi pé kò rìn, títí yóò fi dé tán. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi lè rí alùpùpù dáadáa, kó sọ pé àyè ṣì wà, kó yà, kí àyè má sì sí.

Ojú sì máa ń rí ohun tí ọkàn ń retí. Awakọ̀ tó ń wá ọkọ̀ ńlá á rí ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan ní Ítálì tún àkọsílẹ̀ MAIDS yẹ̀ wò lọ́dún 2006, wọ́n rí i pé àwọn awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ alùpùpù pẹ̀lú kì í sábà jẹ̀bi ìkọlù ọkọ̀ àti alùpùpù tó àwọn tí kò ní. Ojú kan náà ni wọ́n ní, títì kan náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n kàn mọ ohun tí wọ́n ń wá ni. Èmi gbà pé ìmọ̀ yẹn ṣeé gbìn sínú ẹni tí kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀, bí olùkọ́ rẹ̀ bá fẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé oríta, ẹ má jẹ́ kó kàn mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ẹ lè rí i pé ó wò. Ẹ kọ́ ọ láti gbé ojú lé ibi tó jìnnà, kó dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó gbé e wá sí àárín, kó dúró, kó wá wo ìtòsí, kó sì tún padà sí ibi tó jìnnà kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ kọ́ ọ láti fi àyà síwájú kó sì fà á sẹ́yìn, kí orí rẹ̀ lè yọ kọjá òpó yẹn lápá méjèèjì. Kò gba àkókò. Ẹ lè fi hàn án nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú kan: ẹ ní kí ẹnì kan gbé alùpùpù dúró ní ọ̀ọ́kán, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó gan-an, kó má rí i, kó wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó rí i. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀dá èèyàn tó yọ jáde láti ẹ̀yìn irin báyìí, kò tún sí pé ẹ ń ṣàlàyé fún un mọ́.

Ẹ sì jẹ́ kó máa fi ẹnu sọ ọ́. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nottingham jábọ̀ pé àwọn awakọ̀ tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ìdánrawò máa ń wo alùpùpù tó ń bọ̀ tààrà nígbà mìíràn, kí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yíjú sí apá kejì. Wọ́n dábàá pé kí awakọ̀ máa sọ ọ́ jáde bó bá ti rí i: “Alùpùpù.” Ọ̀rọ̀ kan péré, ó sì ń mú kí ohun tí ojú rí dúró lọ́kàn. Ó lè kọ́kọ́ máa ti akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bí ẹ̀yin bá ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀, kò ní tì í lójú mọ́.

Ohun kan wà tí mi ò lè fo, torí inú rere ló ń bí i. Ìtò ọkọ̀ dúró gbọọrọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Awakọ̀ kan fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹnu oríta, ó juwọ́ sí ẹni tó ń dúró láti yà, tàbí ó ṣẹ́ iná sí i: “Máa bọ̀.” Ẹni yẹn dúpẹ́, ó sì ya kọjá. Alùpùpù sì ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtò ọkọ̀ náà, ẹni tó juwọ́ kò wo dígí, ẹni tó ń yà kò sì lè rí i nítorí ọkọ̀ tó dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wọn pé ẹni tó juwọ́ sí wọn kò lè fún wọn ní ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojú ọ̀nà tiẹ̀ nìkan ló lè yọ̀ǹda. Fún ojú ọ̀nà tó kù, kí ẹni tó ń yà rọra yọ imú ọkọ̀, kó dúró, kó wò, kó tó lọ. Kí ẹni tó fẹ́ ṣoore náà sì wo dígí kó tó gbé ọwọ́ sókè. Àwa tí a ń gba ẹ̀gbẹ́ ìtò ọkọ̀ kọjá náà ní ẹ̀bi tiwa bí a bá ń sáré níbẹ̀: ibi tí àlàfo bá ti ṣí sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ tó dúró, ẹnì kan fẹ́ gba ibẹ̀ jáde ni.

Ẹ sọ̀rọ̀ tráfíkétọ̀ alùpùpù fún wọn pẹ̀lú. Ti ọkọ̀ máa ń pa ara rẹ̀ bí sítíárìn bá ti padà sípò. Ti ọ̀pọ̀ alùpùpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí a fi àtàǹpàkò pa á. Ẹni tó yà tán tó sì gbàgbé lè máa bọ̀ tààrà pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú, kí awakọ̀ tó wà lẹ́nu oríta rò pé ó fẹ́ yà, kó sì bọ́ síwájú rẹ̀. Kí awakọ̀ dúró kó rí i pé alùpùpù náà ń dín eré kù lóòótọ́, pé ó ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Iná nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní ti ẹni tó lọ̀nà fúnra rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ padà sí ohun tí òfin sọ gan-an. Àdéhùn ìrìnnà ojú pópó tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna lọ́dún 1968 sọ pé awakọ̀ tó bá ń sún mọ́ oríta gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí eré rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lè mú kó dúró kí ẹni tó lọ̀nà kọjá. Gbogbo awakọ̀ ló bá wí, àti ẹni orí alùpùpù náà. Ìṣọ́ra yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ kọ́ “èmi ni mo lọ̀nà” yóò máa wá ibi tó ti jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́ “ta ni kí n yàgò fún?” yóò máa wá èèyàn lójú títì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń kọ́ni ní alùpùpù, nítorí náà n kò ní ṣe bíi pé àwa kò ní iṣẹ́ tiwa. Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí ewu bá dé, ọ̀pọ̀ ẹni orí alùpùpù máa ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn ní àtẹ̀jù títí táyà á fi máa wọ́ lọ, wọn kì í sì í lo ti iwájú tó. Bíréèkì iwájú ló sì lágbára jù láti dá alùpùpù dúró. Ẹ kọ́ wọn láti fà á díẹ̀díẹ̀ kó tó le, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa fi dánra wò títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Lórí eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, alùpùpù ń lọ nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọwọ́ tó fa bíréèkì, mítà 14 ti lọ láìdín eré kankan kù, ẹni tó mọ bíréèkì lò dáadáa lórí títì gbígbẹ yóò sì tún nílò bíi mítà 14 mìíràn. Lórí eré 70, ibi tí bíréèkì nìkan máa gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì, nǹkan bíi mítà 27. Ìka tó ti wà lórí bíréèkì kí ó tó dé oríta ń dá apá kan mítà wọ̀nyẹn padà fún ẹni tó ni ín. ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há, ti di dandan ní Yúróòpù láti 2016 fún alùpùpù tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ju 125 cc lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín irú èyí tó yẹ kó rà, ẹ má ṣe fi ìyẹn pamọ́ fún un.

Kí wọ́n tan iná iwájú lọ́sàn-án. Nígbà tí Màléṣíà sọ ọ́ di dandan lọ́dún 1992, ìwádìí fi hàn pé ìjàǹbá tó ń wáyé nítorí àìrí alùpùpù dín kù ní ìdá 29 nínú 100. Ní Auckland, ní New Zealand, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2004 rí i pé àwọn tó wọ aṣọ tó ń tàn wàì tàbí tó ń dá iná padà ní ewu ìpalára tó fi ìdá 37 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò wọ̀ ọ́, akoto funfun náà sì ṣe dáadáa ju dúdú lọ. Akoto tí a so dáadáa ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìdá 69. Kí wọ́n má ṣe fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù bí wọ́n bá ń sún mọ́ oríta, torí ẹni tí kò lè rí wọn, kò sí bó ṣe máa yàgò fún wọn. Kí wọ́n má sì ṣe sáré kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú wọn ní oríta láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ títàn gba ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tí kò wò. Mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí títì pé àwọ̀ wo lo wọ̀, kí wọ́n tó bi awakọ̀ pé ibo lo wò. Ó dùn mí gidigidi. Aṣọ ń ran ojú tó ń wá lọ́wọ́, kò ní agbára lórí ojú tí kò wá nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ bí oríta fúnra rẹ̀ ṣe rí kì í ṣe iṣẹ́ yín, n ó sì yára kọjá lórí rẹ̀. Oríta mẹ́rin lásán ní ibi 32 tí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ti lè forí kan ara wọn. Bí a bá sọ ọ́ di ráńdábáòtù oníléènì kan, ibi mẹ́jọ péré ló kù. Òfin Jámánì kò gbà kí ọkọ̀ dúró láàárín mítà 5 sí oríta, ìlànà ti Britain sì ní kó jẹ́ mítà 10. Akẹ́kọ̀ọ́ yín lè má kọ́ títì láyé, ṣùgbọ́n yóò gbé ọkọ̀ dúró síbì kan lọ́la. Ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ tó gbé sí ẹnu oríta ń dí ojú ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáni wò, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi kún ìwé máàkì yín. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ síwájú kó wo ẹ̀yìn òpó kó tó yà, kó sì pàdánù máàkì bí kò bá ṣe é, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe pàdánù bí kò bá tan tráfíkétọ̀. Kí ẹ sì bi í, lẹ́yìn tó bá ti kọjá oríta kan, kí ló rí níbẹ̀. Bó bá sọ ọkọ̀ tó rí nìkan, tí alùpùpù sì wà níbẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní ìwé àṣẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kó lọ kọ́ ọ sí i, kó padà wá. Inú rẹ̀ kò ní dùn, àwọn òbí rẹ̀ lè bínú sí yín, àwọn tó ń ka iye ẹni tó yege ní ọ́fíìsì yín náà sì lè ṣàròyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Ẹnì kan tó ń gun alùpùpù kọjá oríta lójoojúmọ́